Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Orin Adélaní

Bí ọmọbìnrin kan bá ti gbàgbé ọkùnrin, tí ọkùnrin náà kò sì jẹ́ kí ìgbàgbé ọ̀hún jókòó, ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán. Ó ti di ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bojú wẹ̀yìn kó tó sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Mọ́yọ̀ọ̀lá, ọmọ Olúrónkẹ́, rí ní ìlú Torino, ní Italy.

Torino ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, casa di riposo. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, àmọ́ tí ìyá rẹ̀ bá ti mú un bínú, Italian ni yóò máa tú jáde. Ìyá náà kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Á ní, "Máa sọ ọ́ lọ. Ọlọ́run gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Adélaní ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ Genova ni, ládùúgbò Sampierdarena, níbi tí àwọn ará Ecuador pọ̀ sí. Àárín wọn ló dàgbà sí, èdè Sípáníìṣì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú. Orin reggaeton ló yàn láàyò, orin tí ìlù rẹ̀ ń gbé èèyàn níbàdí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ kìkì ẹkún: o lọ, o fi mí sílẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ, mi ò tíì gbàgbé rẹ. Lani ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Olúrónkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. "Mọ́mì" ló ń pè é láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹun tán nílé wọn, á fọ abọ́, á nu tábìlì, á tún béèrè bóyá ìdọ̀tí wà tí òun lè gbé sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹnikẹ́ni, ìyá ti ń pè é ní àna òun.

Àfi bí Adélaní ṣe pe Mọ́yọ̀ọ̀lá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ní òun ò tíì ṣe tán. Ó ní iṣẹ́ orin kò fẹ́ ẹni tó gbé ẹrù sẹ́yìn. Ẹrù! Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí Adélaní fi máa ronú, tó ń pe fóònù, tó ń rán ẹni wá bẹ̀bẹ̀, Mọ́yọ̀ọ̀lá ti kúrò níbi tó fi í sí. Ó pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ó ní, "Basta." Lójú tirẹ̀, ó tán síbẹ̀.

Ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Alessandria ló ti pàdé Babáwálé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa bú. Mọ́yọ̀ọ̀lá dúró, ó tẹjú mọ́ pátákó tó ń sọ àkókò ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá wò ó di ọ̀la, ọkọ̀ yẹn ò ní wá."

Ó yíjú padà. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ó gbé kúlà oúnjẹ dání.

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ má bínú. Àbúrò, bí o bá wò ó di ọ̀la, ọkọ̀ yẹn ò ní wá."

"Ta tún ni àbúrò rẹ?"

"Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ò lọ́jọ́ orí, ṣé ẹ máa jẹ mọ́ínmọ́ín?"

Ẹ̀rín pa Mọ́yọ̀ọ̀lá. Lórí bẹ́ǹṣì ìdíkọ̀ náà ni wọ́n ti jẹ mọ́ínmọ́ín tó ti tutù. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, wọn ò rántí pé ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹni jẹ́ẹ́ ni Babáwálé. Magazzino kan lẹ́yìn Alessandria ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀, Olúyẹ́misí, ń gbé ní Padova. Kì í sáré sọ̀rọ̀, kì í sì í purọ́ pé òun ò bẹ̀rù ohun tí òun bá ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, òun àti Mọ́yọ̀ọ̀lá lọ wo òkun ní Genova. Òkè pọ̀ ní ìlú yẹn débi pé ascensore, àpótí irin tó ń gbé èèyàn gòkè, ni wọ́n fi ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n wọ ọ̀kan, àwọn méjèèjì àti ìyá arúgbó kan pẹ̀lú ajá rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ti pa dé tí àpótí irin náà gbéra, òógùn bo Babáwálé. Ó di ọwọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá mú.

"Mọ́yọ̀, bí nǹkan yìí bá já, ìwọ ni mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Tí kò bá já ńkọ́?"

"Tí kò bá já, ìwọ náà ni. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ajá yẹn ń wò wá o."

"Jẹ́ kó ṣe ẹlẹ́rìí."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé òkè, ó ti gbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, látorí òógùn dórí ajá. Olúrónkẹ́ kúnlẹ̀ láàárín kíṣìnnì, ó yin Ọlọ́run, ó tún dìde wá ro ọbẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Padova, nílé ìyá ọkọ, nítorí ilé tirẹ̀ ló lè gba èrò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sofia, ọmọ ará Ecuador tí òun àti Mọ́yọ̀ọ̀lá jọ ń ṣiṣẹ́, gbé fóònù rẹ̀ sí etí fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ibùsùn àwọn arúgbó.

"Mọ́yọ̀, wá gbọ́. Lani rẹ àtijọ́ ti tún gbé òmíràn jáde."

"Kì í ṣe Lani mi."

"Ó dáa, Lani gbogbo ayé. Ó dùn o. Gbọ́ nǹkan tó ń sọ." Sofia ń túmọ̀ rẹ̀, ó ń mi orí. "Ó ní, inú àpótí irin tó ń gòkè ló ti bi ọ́. Ó ní bí ó bá já, ìwọ ló fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ajá nìkan ló ṣe ẹlẹ́rìí..."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá.

Nígbà náà ló tó gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ orin náà. Lábẹ́ ìlù, lábẹ́ ohùn Adélaní, ohùn kan wà tó wúwo, tó ń fà gùn-ún gùn-ún bí ẹni ń wọ́ àpò ìrẹsì kọjá nínú ilé tí kò sí ẹnì kan. Kì í ṣe ohùn ọkùnrin, kò sì jọ ti obìnrin.

Signora Teresa wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ìgbà òtútù, arúgbó yìí kò tíì la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè.

"Chi prega?" ó ní. Ta ló ń gbàdúrà?

Mọ́yọ̀ọ̀lá bẹ̀rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. "Kí lẹ wí, Signora?"

Arúgbó náà na ìka sí fóònù. Ó ní obìnrin kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu rẹ̀ dé, kò sì tún sọ nǹkan mọ́.

Mọ́yọ̀ọ̀lá padà sídìí aṣọ tó ń ká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn orin tó ṣáájú. Ọ̀kan mẹ́nu ba ibà, lọ́sẹ̀ tí ibà dá òun dùbúlẹ̀. Òmíràn sọ̀rọ̀ ilé tuntun tí omi ń jò láti òrùlé rẹ̀, nígbà tí òun àti ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tí omi ń jò. Ó ti pè é ní èèṣì nígbà náà. Èèṣì wo ló mọ ajá?

Ohun tó tún ń dẹ́rù bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de orin. Tó bá jí láàárọ̀, á wò ó bóyá Lani ti gbé nǹkan jáde. Ó ra bàtà pupa kan, ó fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó ń retí bóyá orin yóò mọ̀. Orin kò mọ̀. Ojú tì í pé ó dun òun díẹ̀. Ṣé òun tí òun ti lọ, òun lọ lóòótọ́? Àbí ẹsẹ̀ nìkan ló lọ?

Babáwálé kò pè kó tó wá. Ó bá a létí odò Po lọ́sàn-án gangan, ó sì dúró ṣinṣin.

"Ta lo sọ ọ̀rọ̀ ascensore fún?"

"Wálé, o ti gbọ́ ọ?"

"Àwọn ará Peru tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀kan túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aṣiwèrè wo ló ń tọrọ ìyàwó níwájú ajá. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Mọ́yọ̀. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín."

"Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo fi Ọlọ́run..."

"Má fi Ọlọ́run búra. Ta lo sọ ọ́ fún?"

"Ìyá mi nìkan."

"Ìyá rẹ gbọ́ Sípáníìṣì?"

"Italian gan-an, ó kù díẹ̀ káàtó."

"Àbí ìyá rẹ ló ń kọ reggaeton?"

"Wálé!"

"Mò ń béèrè ni. Nítorí èmi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ajá yẹn náà ò sì sọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Mo lè bá ọkùnrin jà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ń gbọ́ wa níbi tí kò sí jà. Tí mo bá di ọwọ́ rẹ mú, mò ń ronú pé ó máa wà nínú orin."

Ó lọ. Kò bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló ń dun Mọ́yọ̀ọ̀lá.

Lọ́jọ́ kejì ni fóònù dún láti Padova. Olúyẹ́misí ló ń pe Olúrónkẹ́.

"Ìyá Mọ́yọ̀ọ̀lá, ẹ kú ilé."

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Wálé. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ wò ó, Babáwálé tí ẹ rí yẹn, bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá mi ni mo bí i. Ojú bàbá mi ni mo fi ń wò ó títí dòní. Mi ò sì lè fa bàbá mi lé ilé tí orin ti ń ríran."

"Orin kí ni ń ríran?"

"Ẹ bi ọmọ yín. Ọjọ́ tí a dá ṣì dúró. Ṣùgbọ́n kó tó pé, kí orin yẹn ti dákẹ́, kí a sì mọ ibi tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má wulẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Padova."

Olúrónkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ká ọwọ́ lérí.

"Mamma, ta lẹ sọ fún?"

"Èmi? Mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ṣé mo jẹ́ olófòófó ni?"

"Ẹ rántí dáadáa."

"Mo ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni! Ọmọkùnrin yẹn ti lọ gba oògùn. Àwẹ̀ la máa gbà."

Wọ́n gba àwẹ̀. Ohun tó tún wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú ni pé Olúrónkẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́ràn orin ọ̀hún kó tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ti ń gbọ́ ọ ní ọjà Porta Palazzo, nídìí àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́, á sì mi èjìká. "Orin kan wà," ló máa ń sọ, "mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bíi pé ó ń pè mí. Á ṣe mí gìrì. Á dà bíi pé mo ti mọ ọ́n kí n tó dáyé." Ìgbà tó wá mọ̀ pé orin Adélaní ni, ó fi òróró àdúrà sí ẹnu ọ̀nà àti sí fèrèsé.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà tú. Sofia àti Mọ́yọ̀ọ̀lá jókòó sínú ọgbà casa di riposo, wọ́n ń sinmi, oòrùn ń ràn. Sofia kò ní sùúrù. Gbogbo nǹkan tó bá ń gbọ́ lórí fóònù nígbà ìsinmi, eré ló máa ń mú un sá, kó lè tètè parí kí ìsinmi tó tán.

"Lani ti tún gbé òmíràn jáde," ó ní. "Ṣé kí n má tẹ̀ ẹ́?"

Mọ́yọ̀ọ̀lá ní kó tẹ̀ ẹ́.

Ìlù ń sá bí ọkàn ẹni tó ń sá lọ. Ohùn Adélaní tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tó máa ń wọ́ àpò kiri nínú ilé òfìfo, gbéra. Ó fúyẹ́. Ó di ohùn obìnrin. Ó ń sọ Yorùbá, ó sì ń wí pé:

"...Mọ́yọ̀ọ̀lá ọmọ Olúrónkẹ́, ìwọ ló ni í, Bàbá, bo orí rẹ̀..."

Mọ́yọ̀ọ̀lá fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Èdè wo nìyẹn?" Sofia bi í.

"Ìyá mi ni," ó ní. "Sofia, ìyá mi ni."

Kò dúró parí iṣẹ́. Ó fi orin náà ránṣẹ́ sí Babáwálé, ó ní kó jẹ́ kó sá eré, kó sì gbọ́ ìsàlẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ló wà tí èsì fi dé. "Ìyá rẹ ń kọ reggaeton lóòótọ́." Lẹ́yìn náà òmíràn dé. "Mò ń gbọ̀n."

Olúrónkẹ́ ń gé gbúre nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Mamma, ọ̀rọ̀ ascensore, níbo lẹ ti sọ ọ́?"

"A ò tíì parí ìyẹn? Mo ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run nìkan ni mo sọ fún."

"Níbo lẹ ti sọ fún Ọlọ́run?"

"Níbo ni mo ti máa ń bá a sọ̀rọ̀? Lórí pẹpẹ."

"Pẹpẹ wo?"

Ìyá nu ọwọ́, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. Pẹpẹ Ìdájí ni wọ́n ń pè é, gúrúùpù WhatsApp tí ìjọ wọn dá sílẹ̀. Òun ni olórí rẹ̀. Ojoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, á tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, á gbàdúrà sínú rẹ̀: ibà ọmọ, ilé tí ń jò, ìdúpẹ́ ascensore. Àwọn ará Torino ń gbọ́ ọ, ti Genova, ti Reggio Emilia. Lójú Olúrónkẹ́, kì í ṣe èèyàn ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù kàn ń ṣe àmín ni.

Mọ́yọ̀ọ̀lá wo orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ti kó lọ sí Canada ṣì wà. Díákónì Adémilúyì tí wọ́n sin ní Reggio Emilia ṣì wà, àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Adélaní wà. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀."

"Èmi ni. Nígbà tó jẹ́ ọmọ mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò yọ ọ́?"

Olúrónkẹ́ wò ó bíi pé ó bú òun. "Yọ ọ́? Ta ló ń yọ èèyàn kúrò lórí pẹpẹ? Ṣé o fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lábẹ́ àdúrà? Bí nǹkan bá ṣe é lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Ṣé o rí i pé a ò yọ Díákónì tó ti kú?"

Mọ́yọ̀ọ̀lá fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó mú kí orin náà sá eré, ó sì gbé e sí etí ìyá rẹ̀.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Olúrónkẹ́. Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ bí òun ṣe pe orúkọ ọmọ òun, ó gbọ́ bí òun ṣe kígbe Jésù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́ èyí tí Mọ́yọ̀ọ̀lá kò tíì gbọ́ rí: "...àti Adélaní, ọmọ mi, tí kò ní ìyá, má jẹ́ kó sọnù..."

Olúrónkẹ́ mú fóònù kúrò létí.

"Ẹ ṣì ń gbàdúrà fún un," Mọ́yọ̀ọ̀lá ní.

"Ojoojúmọ́ ni."

"Ó já mi jù sílẹ̀, Mamma."

"Ìwọ ló já jù sílẹ̀. Èmi, kò sọ fún mi pé òun ti lọ." Ìyá jókòó, ó fi ọwọ́ di ọ̀fun mú bíi pé nǹkan ti kúrò níbẹ̀. "Mo jó sí i, Mọ́yọ̀. Ní Porta Palazzo. Mo jó sí ohùn ara mi, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ sí Genova. Babáwálé ti Alessandria wọ ọkọ̀ bá wọn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kí ìyá, ó sì jókòó ti Mọ́yọ̀ọ̀lá. Lójú ọ̀nà, Olúrónkẹ́ ń bú Adélaní láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀. Ó ní òun máa gbá a létí, òun máa gba fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Adélaní ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ta lẹ́yìn fèrèsé, ṣùgbọ́n ó fa kọ́tìnnì sí gbogbo ibi. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde dúró bí èèyàn méjì ní igun yàrá, ó sì ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Ohùn yẹn ni. Ó ń wọ́ lọ, ó ń wọ́ bọ̀.

"Mọ́mì," ó ní, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ọwọ́ tí Olúrónkẹ́ ti gbé sókè rọ̀ wálẹ̀. "Dìde. Pa nǹkan yẹn."

Ó pa á.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́, Adélaní, tó o fi sin ohùn mi sábẹ́ ìlù?"

"Mi ò sin ín, mà. Yorùbá yín ló yá jù. Ẹ máa ń sáré tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà, èmi ò sì gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa rọra lọ kó lè yé mi. Mo tún dín eré rẹ̀ kù. Kó tó yé mi, ó ti mọ́ mi lára. Tí kò bá sí nísàlẹ̀, mi ò lè kọrin."

"Ohùn ẹlòmíì ò sí ní gbogbo Genova?"

"Kò sí ẹlòmíì tó ń pe orúkọ mi láàárọ̀." Ó ń wo ilẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ti pe Mọ́yọ̀ tán, ẹ máa ń pe èmi náà. Mo rò pé tí orúkọ wa bá ṣì wà nínú àdúrà kan náà, a ò tíì pínyà."

Olúrónkẹ́ wá ibi jókòó sí.

"Lani," Mọ́yọ̀ọ̀lá ní, ó sì yà á lẹ́nu pé ohùn òun kò gbọ̀n, "mo ti lọ. Ó tó ìgbà tí mo ti lọ. Mo tún padà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, torí orin rẹ. Mi ò ní dúró mọ́."

"Mo mọ̀. Gbogbo orin yẹn, mo fi ń sọ ọ́ pé mo mọ̀ ni."

Babáwálé hú ikọ́. "O túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi dáadáa ṣá. Ó ku ibì kan. O ò sọ pé ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mò ń sọ ọ́."

Adélaní wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Wọn ò sọ ìyẹn nínú àdúrà."

"Òógùn bò ó," Olúrónkẹ́ ní láti orí àga, "mo fò ó ni. Mi ò fẹ́ dójú tì í níwájú Ọlọ́run."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, kò wá pa wọ́n.

"Mi ò lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀," ìyá sọ fún Adélaní. "Kò ṣeé ṣe fún mi. Ìwọ ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ jáde."

"Ẹ gbàdúrà fún mi kí n tó jáde, mà. Èyí tí kò sí nínú fóònù."

Olúrónkẹ́ dìde. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti di onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ ń lé ọ̀rọ̀ bọ̀, ẹnu kò dúró gba èémí. Adélaní la ojú láàárín àdúrà. Ó tẹ́tí bí ẹni tó gbọ́ ohùn àlejò ní ilé ara rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ń kánjú."

"Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí nìyí."

"Rárá." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ dà bí ẹni tó ti di ẹrù tán, tó ń sáré bá ọkọ̀."

Ìyá parí àdúrà náà. Ó ṣe àmín fúnra rẹ̀. Adélaní mú fóònù, ó tẹ nǹkan kan. Nínú báàgì Olúrónkẹ́, fóònù tirẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó ti jáde.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí wọ́n tún gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń fà, tó ń wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ó pe orúkọ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ó sì gé.

Orin Lani ò jáde mọ́ títí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fi pé. Àwọn tó ti jáde ṣì ń dún ní ọjà àti nínú magazzino, èèyàn ṣì ń jó sí wọn. Babáwálé fúnra rẹ̀ ló gba Padova lọ, tó jókòó ti ìyá rẹ̀, tó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Olúyẹ́misí gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ohùn èèyàn ṣe lè di òkú nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè?" Lẹ́yìn náà ó béèrè iye èèyàn tó ń bọ̀ láti Torino, kí òun lè mọ ìrẹsì tí òun máa sè.

Yàrá àlejò Olúyẹ́misí kún lọ́jọ́ náà. Mọ́yọ̀ọ̀lá wọ bùbá aláwọ̀ ewé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Babáwálé, ìka wọn kan ara wọn nínú aṣọ tẹ́nìkan ò rí. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ṣì ń retí nǹkan kan. Ó wá inú ara rẹ̀ kiri, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀ àyàfi ọkùnrin tí òógùn ń bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Wọ́n ní kí ìyá ìyàwó wá súre. Gbogbo ará Torino jókòó dáadáa, torí wọ́n mọ̀ ọ́n. Tó bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé máa ń fi igi gbá àjà. Olúrónkẹ́ gbé ọwọ́ kan lé orí ọmọ rẹ̀, ọ̀kan lé orí ọkọ. Ó di ojú. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń mì kíákíá bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan tó jáde. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹlòmíì ti ń wo ẹlòmíì.

Olúyẹ́misí fara mọ́ ọn, ó rọra ní, "Ìyá Ìyàwó, ẹ gbóhùn sókè, a ò gbọ́ yín."

Olúrónkẹ́ kò la ojú.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ó ní, ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ.